KẸ́HÌNDÉ ÀTI KẸ́ÌNDÉ: Bí a Ti Ń Pe Orúkọ Àwọn Ìbejì ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ àti ní Ibòmíràn

Láàrin gbogbo orúkọ tí àwa Yorùbá ń jẹ́, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí ó wọ́pọ̀ tó Táíwò àti Kẹ́hìndé. Orúkọ àmútọ̀runwá ni wọ́n. Baba kò yàn wọ́n, ìyá kò yàn wọ́n, àlùfáà kò sì yàn wọ́n. Bí a bá ti bí ìbejì, orúkọ ti bá wọn dé. Nítorí èyí ni a ṣe ń bá wọn pàdé láti Ìlọrin dé etí òkun, láti Kétu dé Oǹdó, ní ààfin àti ní ahéré oko, ní ilé onígbàgbọ́, ní ilé ìmàle, àti ní ilé ẹni tí ń bọ òrìṣà. Ìbejì sì pọ̀ nínú wa ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ayé lọ. Nígbà tí Oníṣègùn Nylander ti Ìbàdàn ka ìbí àwọn ará Ìgbó-Ọrà ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1960, ó rí i pé ìbejì tó bíi 45 nínú 1,000 ìbí, nígbà tí ti àwọn ará Yúróòpù kò ju bíi 12 lọ.

Orúkọ tí ó wà níbi gbogbo báyìí dára púpọ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ẹnu àwọn ènìyàn ti yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú. Bí a bá mú orúkọ bíi Ṣówándé, Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú àti díẹ̀ nínú Ẹ̀gbá ni yóò dáhùn. A kò ní rí ará Èkìtì tí a ó fi wé wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni ó bí Kẹ́hìndé. Orúkọ kan ni, ìtumọ̀ kan ni. Ẹnu tí ń pè é ni kò rí bákan náà.

Kì í ṣe fún eré ni a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú àwọn olùkọ́ni àti àwọn tí ń kọ ìwé ìjọ. Ẹ jẹ́ kí a ro ti ọmọ kan ní Ṣágámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́, tí ìyá-ńlá rẹ̀ ń pè ní Kẹ́ìndé. Ní ọjọ́ ìrìbọmi, akọ̀wé ìjọ kọ Kehinde. Ní ilé-ẹ̀kọ́, tíṣà tí ó ti ìlú mìíràn wá kọ Keyinde, gẹ́gẹ́ bí òun ti ń pè é ní ilé tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà fẹ́ ṣe ìdánwò, òun tìkára rẹ̀ kọ Keinde. Ọdún pọ̀ lórí ọdún. Ó dàgbà, ó fẹ́ gba nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba, tàbí owó ìfẹ̀hìntì, ìwé mẹ́ta kò sì bá ara wọn mu. Ó di kóòtù, ó di ìwé ìbúra, ó di ìnáwó, kí ó tó lè fi hàn pé ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun kan sì wà tí ó burú ju ìnáwó lọ: ọmọ náà ti gbọ́ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ìyá-ńlá òun kò mọ orúkọ òun pè.

Ǹjẹ́ òtítọ́ ni pé kò mọ̀ ọ́n pè? Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a tú orúkọ méjèèjì wò. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde ni a rán wá láti tọ́ ayé wò. Ní ẹnu, fáwẹ̀lì tí ó wà nínú tọ́ ṣubú níwájú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ayé, gbólóhùn náà sì di Táyéwò. Èyí tí ó tẹ̀lé e ni ó kẹ́hìn dé, òun ni a sì ń pè ní Kẹ́hìndé, tàbí Ọmọ́kẹ́hìndé bí a bá fẹ́ pè é tán. Gbogbo òǹkàwé wa ni ó mọ̀ pé lójú àwọn baba wa, Kẹ́hìndé yìí ni ẹ̀gbọ́n, nítorí pé àgbà ní í rán àbúrò níṣẹ́ ṣáájú.

Ẹ kíyè sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Táyéwò. Y tí ó wà láàrin fáwẹ̀lì méjì rọ̀, ó sì yọ́. É tí ó kù gòkè díẹ̀ ní ẹnu, ó di í. Orúkọ náà sì di Táíwò. Ìwà èdè wa ni èyí, ó sì pẹ́ tí ó ti ń hù ú. Bẹ́ẹ̀ ni òrìṣà ṣe di òòṣà, bẹ́ẹ̀ ni egúngún ṣe di eégún, bẹ́ẹ̀ ni dára ṣe ń di dáa lójoojúmọ́ ní ẹnu àwọn tí ó mọ ìwé àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. A kò tíì rí tíṣà kan tí ó na ọmọ nítorí pé ó sọ pé Táíwò ni òun ń jẹ́. A kò rí akọ̀wé tí ó fi gègé fa ìlà lé Táíwò lórí kí ó lè kọ Táyéwò. A ti tẹ́wọ́ gba ìgékúrú náà pátápátá, débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rántí mọ́ pé ìgékúrú ni.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Kẹ́hìndé ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, tí h rẹ̀ rọ̀ tí ó sì yọ́, tí ó di Kẹ́ìndé, a ní àṣìṣe ni, a ní èdè àwọn ará oko ni. Ọjọ́ kan ni a bí àwọn méjèèjì. Àyè tí a fi gba ọ̀kan ni a fi du èkejì, ẹ̀gbọ́n ni a sì fi du!

Àwọn kan lè wí pé Táíwò kò sọ ohunkóhun nù tí a kò tún rí ní ibòmíràn, nítorí pé a ṣì ń kọ Táyé àti Táyélolú pẹ̀lú y. Òtítọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé ìkọ̀wé tìkára rẹ̀ ti da ọ̀rọ̀ náà rú. Títí di 1974, tí a fi àkọtọ́ tuntun lélẹ̀ fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́, aiye ni àwọn ìwé wa máa ń kọ, kì í ṣe ayé. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àgbà fi ń kọ Taiye àti Taiyelolu títí di òní, tí àwọn ọmọ wọn sì ń ṣe iyè méjì bóyá i tí ó wà níbẹ̀ yẹ ní pípè tàbí kò yẹ. Kò yẹ. Ọwọ́ ni ó kọ ọ́, ẹnu kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo h náà gan-an. Nínú èdè wa, h tí ó wà nínú Kẹ́hìndé kò dúró lójú kan rí. Ẹ̀hìn ni, ẹ̀yìn ni. Ìròhìn ni, ìròyìn ni. Ehín ni, eyín ni. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, fáwẹ̀lì tí ó tẹ̀lé e jẹ́ èyí tí a ń fi imú pè, ìró tí ó ṣáájú rẹ̀ náà sì ń bá a gba imú kọjá. Kì í ṣe y ti ayé, kì í sì í ṣe h ti ahéré. Ibi kan wà láàrin méjèèjì tí ó gbé ń sinmi. Kí òǹkàwé fi ìka méjì di imú rẹ̀, kí ó pe ayé, kí ó sì pe ẹ̀yìn, yóò mọ ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ohun tí ó wà ní agbedeméjì báyìí, etí kan lè gbọ́ ọ bí h, etí kejì bí y, ẹnu kẹta sì lè gbójú fò ó kí ó kọjá lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ń gbọ́, nígbà mìíràn nínú agbo ilé kan ṣoṣo.

Ní Rẹ́mọ, nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀. Nínú iṣẹ́ tí Abíọ́dún Adétùgbọ́ ṣe ní yunifásítì Columbia ní 1967, ó pín èdè Yorùbá tí a ń sọ ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà sí agbègbè mẹ́ta. Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá wà ní ọ̀kan. Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì wà ní èkejì. Ìjẹ̀bú, Oǹdó, Ìkálẹ̀ àti Ọ̀wọ̀ wà ní ẹ̀kẹta. Ní ti èdè, Rẹ́mọ bá Ìjẹ̀bú rìn, ohunkóhun yòówù tí ọ̀ràn oyè àti ìjọba ìbá ti dá sílẹ̀ láàrin wọn. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ṣágámù kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, ààlà ńlá kan nínú èdè gba àárín ìlú méjèèjì kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn àmì ààlà náà ni fáwẹ̀lì tí a ń fi imú pè. Níbi tí Ọ̀yọ́ gbé ń sọ pé mẹ́rin, àwọn àgbà Ìjẹ̀bú a máa sọ pé mẹ́rẹn. Níbi tí Ọ̀yọ́ gbé ń sọ pé irin, wọn a máa sọ pé irẹn. Ẹ jẹ́ kí a wá ro ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí Kẹ́hìndé ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. H rẹ̀ ti ń yọ́. Ìn tí ó tẹ̀lé e ń sọ̀kalẹ̀ lọ síhà ẹ̀n. Ẹ́ tí ó ṣáájú ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí ó ń dúró dè é. Orúkọ náà di ohun tí àlejò yóò gbọ́ bí ẹ́ gígùn kan láàrin k àti dé. Àlejò a ní wọ́n ti jẹ orúkọ náà run. Wọn kò jẹ ẹ́. Òfin méjì tí ó wà nínú èdè wọn, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lára gbogbo ọ̀rọ̀ mìíràn, ni ó ṣiṣẹ́ lára orúkọ yìí pẹ̀lú.

Kò sì yẹ kí a rò pé Rẹ́mọ tìkára rẹ̀ ní ohùn kan ṣoṣo. Ṣágámù tí a ń wò bí ìlú kan yìí, ìlú mẹ́tàlá ni ó kó ara wọn jọ tẹ̀ ẹ́ dó ní 1872, nítorí ogun. Ọ̀fin wà níbẹ̀, Màkún wà níbẹ̀, àti àwọn yòókù, olúkúlùkù pẹ̀lú oyè àti ìṣe tirẹ̀. A kò sì tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ti kọ orúkọ ìlú náà: àwọn kan ń kọ Shagamu, ìjọba ń kọ Sagamu, ìwé Yorùbá ń kọ Ṣágámù.

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì pé bóyá àwọn ará ibí mọ̀ọ́mọ̀ ń fi h sílẹ̀, kí ó wo orúkọ ìdílé kan tí ó gbilẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, èyí tíí ṣe Ṣódẹ̀ìndé. Oṣó dẹ̀hìn dé ni. Ẹ̀hìn tí ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀hìn ti Kẹ́hìndé ni. Àwọn kan ń kọ Sodehinde, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tí ń kọ Sodeinde pọ̀, wọ́n sì ti fi í ṣe adájọ́, wọ́n ti fi í ṣe àlùfáà, kò sì sí ẹni tí ó ní kí wọ́n lọ wá h wọn.

Báwo ni h ṣe wá joyè lórí Kẹ́hìndé? Ilé ìtẹ̀wé ni ó fi í joyè. Àwọn tí ó kọ́kọ́ fi lẹ́tà sí èdè wa, Crowther nínú ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti 1843 àti 1852, àti àwọn tí ó péjọ sí Èkó ní 1875 láti fi ìlànà ìkọ̀wé múlẹ̀, ní láti yan ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀, nítorí pé ìwé kan kò lè ní ẹnu mẹ́ta. Nínú irú ọ̀rọ̀ yìí, h ni ìwé wọn mú. Ìwé Ìròhìn ni Townsend pe ìwé rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ìhìnrere ni àwọn ajíhìnrere wàásù, ẹ̀hìn ni ó sì wà nínú Bíbélì Mímọ́ tí a túmọ̀ parí ní 1884. Àwa pẹ̀lú nínú ìwé kékeré yìí ń kọ lẹ́hìn, a kò sì ní èrò láti yí i padà. Ṣùgbọ́n ohun tí a yàn kí gbogbo ènìyàn lè jọ ka ìwé kan, kì í ṣe ìdájọ́ lórí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ pè àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n pè. Orúkọ Crowther tìkára rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí. Adjai ni a máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí a tẹ̀ ní ìgbà ayé rẹ̀, Àjàyí ni a ń kọ nísinsìnyí, kò sì sí ẹni tí ó rò pé Bíṣọ́ọ̀bù kò mọ orúkọ ara rẹ̀ pè.

Lẹ́hìn ogun Ìmàgbọ̀n ní 1892, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu fún ìwàásù àti ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Ìwé tí a fi kọ́ni ti wà kí ọ̀nà tó ṣí. A kò kọ ọ́ pẹ̀lú ẹnu Rẹ́mọ. Báyìí ni ọmọ Rẹ́mọ ṣe kọ́ láti ní èdè méjì nínú Yorùbá kan, ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan fún ìdí ààrò. Kò burú bẹ́ẹ̀. Ó burú nígbà tí a bá sọ fún un pé ti ìdí ààrò kì í ṣe èdè.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí ó ti òkè òkun wá. Ní ilẹ̀ Kúbà, níbi tí a kó ọ̀pọ̀ ènìyàn wa lọ sí oko ẹrú, pàápàá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ wọn ṣì ń bu ọlá fún ìbejì, wọ́n sì ń pe orúkọ wọn: Taewo àti Kainde. Ẹ wò ó dáadáa. Taewo yẹn ni ìrísí tí ó wà ní agbedeméjì Táyéwò àti Táíwò, y ti lọ ṣùgbọ́n é kò tíì di í. Kainde kò sì ní h. Ẹnì kan lè wí pé àwọn ará Sípéènì kì í pe h, nítorí náà ni kò fi sí níbẹ̀. Ó dára; ṣùgbọ́n wọ́n ní j, èyí tí wọ́n ń pè pẹ̀lú ohùn ọ̀fun tí ó súnmọ́ h wa, òun ni wọn ìbá sì ti fi kọ ọ́ bí wọ́n bá gbọ́ h tí ó le. Wọn kò gbọ́ ọ. A kó àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn lọ kí ìpàdé 1875 tó wà, kí Bíbélì tó jáde. Wọn kò kọ́ Kẹ́ìndé láti ọwọ́ ọ̀lẹ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ Rẹ́mọ.

Ní Freetown, níbi tí a gbé sọ àwọn tí a gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú kalẹ̀, àwọn ọmọ Akú ṣì ń sọ ìbejì ní Taiwo àti Kehinde. Ní ilẹ̀ Bìnì tí àwọn Faransé jọba lé lórí rí, níbi tí Kétu wà, a ń rí Taïwo pẹ̀lú àmì méjì lórí i, kí ẹni tí ń ka Faransé má baà fi a àti i ṣe ìró kan. Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ ayàwòrán, Kehinde Wiley, tí a bí ní 1977, tí baba rẹ̀ jẹ́ ará Nàìjíríà, tí èkejì rẹ̀ sì ń jẹ́ Taiwo; òun ni ó ya àwòrán Ààrẹ Obama tí a ṣí ní 2018. Níbẹ̀, h ni wọ́n ń tẹnu mọ́ jù, wọ́n sì ń fi gbogbo agbára lù hin tí ó wà láàrin. Kò sí ìyá ìbejì kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí ń pe ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ ni.

Èrò tiwa ni pé ìbínú àwọn tíṣà kan sí Kẹ́ìndé kò ti inú Yorùbá wá rárá. Inú ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. A ti fi pàṣán kọ́ wa nígbà èwe pé ẹni tí ó bá fi h sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aláìmọ̀wé ni, àti ẹni tí ó bá fi h síbi tí kò yẹ, òun náà ni. Pàṣán náà ni a gbé wá sínú orúkọ ilé wa. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ó pẹ́ tí ẹnu wa kò ti ka h sí nǹkan. Àwọn ará wa tí ó jẹ́ ìmàle ń sọ ìbejì ọkùnrin ní orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ ànábì wọn, Hassan fún Táíwò, Hussein fún Kẹ́hìndé. Ní ẹnu Yorùbá, Àsánì àti Úsẹ́nì ni. H méjèèjì ti lọ. A kò gbọ́ pé ààfáà kankan kọ̀ láti sọ ọmọ lórúkọ nítorí rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kí akọ̀wé ìjọ àti tíṣà ṣe? Ní ti ìkọ̀wé, a gbà pé Kẹ́hìndé ni kí ó wà nínú ìwé, bí òbí kò bá sọ ohun mìíràn, nítorí pé òun ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá lè kà. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ bi òbí léèrè. Kí a kọ ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí, kí a kà á padà sí etígbọ̀ọ́ wọn, kí ìwé ìrìbọmi, ìwé ìbí àti rẹ́jísítà ilé-ẹ̀kọ́ sì bá ara wọn mu láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Nígbà náà ni a ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìwé ìbúra. Bí òbí bá yan Keinde, kí a kọ Keinde, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kọ Sodeinde. Ní ti ìpè, kí a fi ẹnu ọmọ sílẹ̀. Tíṣà tí ó ti Ìbàdàn tàbí Èkìtì wá sí Rẹ́mọ lè máa pe ọmọ náà bí òun ti ń pè é. Kò sí ẹni tí yóò bínú. Kìkì kí ó má ṣe fi tirẹ̀ tún ti ìyá ọmọ ṣe.

Ìkẹ́nnẹ́ kò ṣàìní àpẹẹrẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì tí a bí níbẹ̀ ní 1922 ni a sọ ní Augustus Táíwò Ṣólàrín. Orúkọ Augustus kò bá a rìn jìnnà. Táyéwò tí ó ti di Táíwò tún dínkù lọ́wọ́ rẹ̀, ó di Tai, òun náà sì ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, láti ìgbà tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní ìlú náà ní 1956 títí ó fi kú ní 1994. Ìlú tí ó bá lè gba Tai kò yẹ kí ó lè Kẹ́ìndé jáde. Ìlú kan náà ni a ti bí Hannah Ìdòwú Dìdeolú, aya Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní 1915. H tí ó wà ní iwájú orúkọ rẹ̀ kì í dúró ní ẹnu àwọn àgbà, Ánà ni wọ́n ń wí. Ṣùgbọ́n Ìdòwú, orúkọ ẹni tí a bí tẹ̀lé ìbejì, àti Àlàbá tí ó tún tẹ̀lé e, kò bá irú wàhálà yìí pàdé, nítorí pé d àti w, l àti b, dúró ṣinṣin níbẹ̀ ní ẹnu Rẹ́mọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti dúró ní ẹnu Ọ̀yọ́.